Bí Ẹ Ṣe Lè Ka Ọ̀rọ̀ Ìdájọ́ Àwọn Áńgẹ́lì Tó Ṣubú Láì Da Gbogbo Ẹ̀ Pọ̀

Ọ̀rọ̀ àwọn áńgẹ́lì tó ṣubú yìí, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n sọ, àmọ́ ẹ ní kí wọ́n ṣí ibi tí wọ́n ti kà á nínú Bíbélì hàn yín, ibẹ̀ lẹnu á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Ẹnì kan á ní olórí akọrin ni Lúsífà lọ́run kó tó ṣubú, ẹlòmíì á ní Sátánì ló ń jọba ní ọ̀run àpáàdì tó ń fi fọ́ọ̀kì ńlá gún àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ nídìí, ẹlòmíì á ní wọ́n ti dá gbogbo wọn lẹ́jọ́ tán tipẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀ gan-an, yálà fún ara yín ni o tàbí ẹ fẹ́ fi kọ́ àwọn ará, bí mo ṣe máa ń ṣe é rèé.

Ẹ mú ìwé nótù kan àti báírò. Ẹ fa ìlà sí ojú ìwé kan kó pín sọ́nà mẹ́ta, ẹ kọ "ó ti ṣẹlẹ̀" sí òkè àkọ́kọ́, "ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́" sí ìkejì, "ó ń bọ̀" sí ìkẹta. Gbogbo ẹsẹ tẹ́ ẹ bá kà, ìbéèrè méjì péré lẹ máa bi í: ta ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìgbà wo ló sì ń sọ, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá kọ ọ́ síbi tó yẹ ẹ́. Ìdí tí mo fi ń dààmú yín báyìí ni pé àkókò ló máa ń da orí èèyàn rú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí Bíbélì sọ pé àwọn áńgẹ́lì kan wà nínú ẹ̀wọ̀n, ó tún sọ pé èṣù ń rìn káàkiri bíi kìnnìún tó ń bú ramúramù, ó tún wá sọ pé iná kan ń dúró dè wọ́n, tẹ́ ẹ ò bá pín in lẹ máa rò pé ó ń tako ara ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí YouTube sinmi ná, tó bá yá ẹ lè padà síbẹ̀.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látinú Jẹ́nẹ́sísì, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ látinú Ìfihàn. Ibi tó sọ̀rọ̀ kedere ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn Júúdà àti Pétérù Kejì orí 2. Júúdà ò ju orí kan lọ, ẹsẹ 25 péré ni, ẹ kà á tán lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ tó padà wá sí ẹsẹ 6. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn áńgẹ́lì kan ò dúró sí ipò wọn, wọ́n fi ibùgbé wọn sílẹ̀, Ọlọ́run wá fi ẹ̀wọ̀n ayérayé dè wọ́n mọ́ inú òkùnkùn de ìdájọ́ ọjọ́ ńlá nì. Pétérù Kejì 2:4 náà ò jìnnà síyẹn: àwọn áńgẹ́lì ṣẹ̀, Ọlọ́run ò dá wọn sí, ó jù wọ́n sínú ọ̀gbun òkùnkùn, ibẹ̀ ló ń pa wọ́n mọ́ sí de ìdájọ́.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹ̀wọ̀n yẹn kọ́ ni ìdájọ́. Àhámọ́ ni, bíi ti ẹni tí wọ́n ti mú tó ń dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa pè é ní kóòtù, àfi pé nínú ọ̀rọ̀ tàwọn yìí kò sí béèlì kò sì sí lọ́yà. Nítorí náà ẹsẹ kan ṣoṣo máa wọ ọ̀nà méjì nínú nótù yín: dídè wọ́n "ti ṣẹlẹ̀", ìdájọ́ fúnra ẹ̀ "ń bọ̀". Tẹ́ ẹ bá ti mú ìyẹn dání, ìdajì iṣẹ́ ti parí.

Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ wo ìdí tí wọ́n fi mẹ́nu ba áńgẹ́lì rárá. Nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó jókòó láti pìtàn áńgẹ́lì fún wa. Àwọn olùkọ́ èké tó yọ́ wọnú ìjọ ni wọ́n ń bá wí, wọ́n wá ń kó àpẹẹrẹ jọ pé ẹ wò ó, Ọlọ́run kì í fojú fo nǹkan o. Júúdà mú àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tó jáde ní Íjíbítì tó tún kú sínú aginjù, ó mú àwọn áńgẹ́lì, ó mú Sódómù àti Gòmórà. Pétérù mú àwọn áńgẹ́lì, ó mú ìkún omi tí Nóà àti àwọn méje míì là níbẹ̀, ó mú Sódómù àti Gòmórà tí Lọ́ọ̀tì jàjà yọ nínú ẹ̀. Èèyàn ni wọ́n ń kìlọ̀ fún. Ẹ tún sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí Júúdà ẹsẹ 9, ibi tí Máíkẹ́lì olórí áńgẹ́lì ti ń bá èṣù fa ọ̀rọ̀ òkú Mósè, Máíkẹ́lì yìí ò bú u, ó kàn ní "Olúwa bá ọ wí" ni. Àwọn tó máa ń fi wákàtí kan gbáko ṣépè fún Sátánì tí wọ́n ń pè é ní gbogbo orúkọ tó wá sí wọn lẹ́nu, mi ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ẹsẹ yẹn ṣe o.

Ó kan ọ̀nà àárín. Tí gbogbo àwọn tó ṣubú bá wà nínú ẹ̀wọ̀n, ta ló wá ń dán èèyàn wò? Ẹ ka Jóòbù 1:7, Sátánì fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun ń lọ síwá sẹ́yìn lórí ilẹ̀ ayé. Ẹ ka Pétérù Kìíní 5:8 níbi tí ọ̀rọ̀ kìnnìún yẹn wà, ẹ tún ka Éfésù 6:12. Kò sí ẹ̀wọ̀n lọ́rùn wọn níbẹ̀ yẹn. Ohun tí èmi gbà ni pé ọ̀wọ́ méjì ni wọ́n: àwọn kan wà ní títì pa nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kan pàtó tí wọ́n dá, àwọn yòókù pẹ̀lú olórí wọn ṣì ń rìn kiri. Bíbélì ò jókòó ṣàlàyé ẹ̀ báyìí fún wa, àmọ́ kò sọ́nà míì tí gbogbo ẹsẹ yẹn fi máa dúró pọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n gbá ara wọn lórí.

Ibi tó dùn jù nínú gbogbo ẹ̀, tí mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ kà díẹ̀díẹ̀, ni ìtàn àwọn ẹlẹ́mìí èṣù tó wà ní ìsọdá òkun Gálílì. Ó wà nínú Mátíù 8, Máàkù 5 àti Lúùkù 8, ẹ ṣí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọkọ̀ Jésù ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ ni o, ó kàn ń bọ̀ létí òkun, làwọn ẹ̀mí yìí ti figbe ta látinú ibojì. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nínú Mátíù 8:29: ṣé o wá síbí láti dá wa lóró ṣáájú àkókò ni? Ṣáájú àkókò! Ìyẹn ni pé wọ́n mọ̀ pé àkókò kan wà. Kò sẹ́ni tó wàásù fún wọn, àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́ jáde, wọn ò jiyàn pé ìdájọ́ ń bọ̀, wọn ò ní àwọn ò jẹ̀bi, ohun tó ń já wọn láyà ni kó má lọ jẹ́ pé òní ni. Ẹ wá kọjá sí Lúùkù 8:31, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó má pàṣẹ kí wọ́n lọ sínú ọ̀gbun. Ọ̀gbun yìí lẹ máa tún bá pàdé nínú Ìfihàn 20, níbi tí áńgẹ́lì kan ti sọ̀ kalẹ̀ tòun ti kọ́kọ́rọ́ àti ẹ̀wọ̀n ńlá lọ́wọ́. Kàkà kí wọ́n lọ síbẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ tẹ́ wọn lọ́rùn, Máàkù ní àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà tó nǹkan bí 2,000, gbogbo wọn ya lu òkun. Èmi ò mọ ibòmíì tó fi hàn tó báyìí bí ọ̀rọ̀ ìdájọ́ yìí ṣe rí lójú àwọn tó kàn gan-an. Ẹ kọ "wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ kan wà" sí ọ̀nà àárín, kẹ́ ẹ wá fi Jákọ́bù 2:19 tì í, ibi tó ti ní àwọn ẹ̀mí èṣù gbà gbọ́, wọ́n sì ń wárìrì.

Ó yá, Jẹ́nẹ́sísì 6. Mo mọ̀ pé ibí lẹ ti ń fojú sọ́nà fún. Ẹsẹ mẹ́rin péré ni: àwọn ọmọ Ọlọ́run rí àwọn ọmọbìnrin èèyàn pé wọ́n lẹ́wà, wọ́n fi wọ́n ṣaya, òmìrán sì wà láyé nígbà yẹn. Àwọn kan ní áńgẹ́lì ni "ọmọ Ọlọ́run" yìí, torí bí Jóòbù 1:6 àti 38:7 ṣe lò ó nìyẹn, Justin Martyr, Kristẹni kan tó kọ̀wé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì, náà gbà bẹ́ẹ̀. Augustine tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ní Hippo ní rárá, ìran Sẹ́ẹ̀tì ọmọ Ádámù ni wọ́n, àwọn tó gba tiẹ̀ gbọ́ sì máa ń fa Mátíù 22:30 yọ pé áńgẹ́lì ọ̀run kì í gbéyàwó. Àwọn kan tún ní alágbára ayé ni wọ́n. Tèmi rọ̀ mọ́ ti áńgẹ́lì díẹ̀, torí ọwọ́ kan náà tí Júúdà fi mú àwọn áńgẹ́lì ló fi mú Sódómù ní ẹsẹ 7, àti torí Pétérù to tiwọn síwájú ìkún omi gẹ́lẹ́, àmọ́ mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀.

Ibẹ̀ náà lẹnì kan ti máa mú Ìwé Énọ́kù, ìwé àtijọ́ àwọn Júù kan, wọlé. Ẹ má lé e jáde, ẹ má sì gbé e sórí àga Bíbélì. Ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì Etiópíà kà á mọ́ Bíbélì tiwọn, odindi ẹ̀ wà ní Ge'ez, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Etiópíà, wọ́n tún rí àwọn àjákù ẹ̀ ní èdè Árámáíkì nínú ihò àpáta ní Qumran lẹ́bàá Òkun Òkú, ọ̀pọ̀ ìjọ tó kù ò kà á sí Ìwé Mímọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní igba áńgẹ́lì sọ̀ kalẹ̀ sórí òkè Hámónì, tí Ásásẹ́lì tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn wá ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń rọ idà, tó tún ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lé tìróò, Ọlọ́run wá ní kí áńgẹ́lì Ráfẹ́lì dè é tọwọ́ tẹsẹ̀ kó jù ú sínú òkùnkùn, kó kó àpáta ṣágiṣàgi lé e lórí di ọjọ́ ìdájọ́. Ẹ rí i pé ó jọ ti Júúdà, kódà ọ̀rọ̀ tí Júúdà ní Énọ́kù sọ ní ẹsẹ 14 wà níbẹ̀. Ó wúlò kẹ́ ẹ lè mọ ohun táwọn èèyàn ìgbà yẹn ń gbọ́ nígbà tí wọ́n bá dárúkọ áńgẹ́lì nínú ẹ̀wọ̀n. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń kọ nǹkan ẹ̀ sínú nótù, báírò àwọ̀ míì ni kẹ́ ẹ lò.

Àwọn ẹsẹ kan wà tó jẹ́ pé ẹ máa fara balẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó kọ wọ́n sílẹ̀. Aísáyà 14 táwọn èèyàn fi ń pìtàn Lúsífà, ẹ ka ẹsẹ 4, ọba Bábílónì ló ní kí wọ́n kọ orin náà fún. Ìsíkíẹ́lì 28, ẹsẹ 12 ní ọba Tírè ni. Ọ̀pọ̀ àwọn baba ìjọ rí Sátánì lẹ́yìn àwọn ọba yẹn, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ sọ pé ìtumọ̀ ni, ẹ má sọ ọ́ bíi pé ohun tí Bíbélì kọ sílẹ̀ nìyẹn. Ti pé ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn áńgẹ́lì ló bá a lọ, Ìfihàn 12:4 ni wọ́n ti yọ ọ́, ìràwọ̀ sì ni wọ́n pè é níbẹ̀, ogun tí Máíkẹ́lì bá dírágónì jà tó wà ní ẹsẹ 7 sí 9 sì wá lẹ́yìn tí wọ́n ti gba ọmọ tí obìnrin inú ìran náà bí lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run, kì í ṣe ṣáájú Ádámù. Ti olórí akọrin yẹn, ẹ wá a títí, ẹ bá mi wá a o.

Ọ̀nà kẹta ò gba àkókò púpọ̀. Mátíù 25:41 ní iná àìnípẹ̀kun, tí a ti pèsè sílẹ̀ fún èṣù àti àwọn áńgẹ́lì ẹ̀. Ìfihàn 20 ní wọ́n máa dè é fún ẹgbẹ̀rún ọdún, wọ́n á tú u sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, á tún lọ tan àwọn orílẹ̀-èdè jẹ, lẹ́yìn náà ni wọ́n máa jù ú sínú adágún iná, níbi tí ẹranko náà àti wòlíì èké wà. Bóyá ẹgbẹ̀rún ọdún yẹn jẹ́ ọdún tí èèyàn lè kà tàbí àpẹẹrẹ ni, àwọn Kristẹni ti jiyàn ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹ ò ní parí ẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí ni pé kò síbi tí wọ́n ti ní Sátánì ló ń ṣàkóso iná náà. Òun gan-an ni wọ́n pèsè ẹ̀ fún. Ọ̀rọ̀ ọba ọ̀run àpáàdì àti fọ́ọ̀kì yẹn, inú fíìmù ni.

Kọ́ríńtì Kìíní 6:3 máa ya àwọn kan lẹ́nu, Pọ́ọ̀lù ní àwa la máa ṣèdájọ́ àwọn áńgẹ́lì. Kò sọ irú áńgẹ́lì tó jẹ́, kò sọ bó ṣe máa rí, torí ohun tó ń bá wọn wí ni pé wọ́n ń pe ara wọn lẹ́jọ́ níwájú àwọn aláìgbàgbọ́ lórí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan. Tẹ́nì kan bá wá bi yín pé ṣé áńgẹ́lì tó ṣubú lè ronú pìwà dà, ẹ ṣí Hébérù 2:16 fún un: kì í ṣe àwọn áńgẹ́lì ni Jésù wá ràn lọ́wọ́, irú ọmọ Ábúráhámù ni. Kò síbi kankan nínú Ìwé Mímọ́ tí wọ́n ti na ọwọ́ ìràpadà sí wọn.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi kọ́ ẹgbẹ́ ni, ọ̀sẹ̀ méjì ni kẹ́ ẹ pín in sí. Ẹ fi Júúdà, Pétérù àti ọ̀rọ̀ òkun Gálílì ṣe ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí kálukú fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ̀nà mẹ́ta yẹn sínú nótù tiẹ̀, kẹ́ ẹ gbé Jẹ́nẹ́sísì 6 àti Énọ́kù sí ìkejì. Tẹ́ ẹ bá fi Jẹ́nẹ́sísì bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ òmìrán ni wọ́n máa bá yín fà títí tẹ́ ẹ fi máa gbàdúrà ìparí, ẹnikẹ́ni ò sì ní dé ọ̀dọ̀ Júúdà.