Bí Morris Minor mi ṣe jáwọ́ nínú ìwúkọ́

Morris Minor mi, irú ọkọ̀ tí Alec Issigonis ṣe, tó jáde ní 1948, máa ń wúkọ́ bí mo bá tẹná lójijì. Plọ́ọ̀gì dára, epo ń wọlé. Ó wá ku kábúrétọ̀ SU, ẹ̀yà tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnì. Písítìnì kan wà nínú rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbé sókè; ọ́ìlì orí rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó sáré gòkè jù, kí epo lè pọ̀ díẹ̀ sí i nínú afẹ́fẹ́ bí a bá ṣe ń tẹná. Ọgbọ́n yìí wú mi lórí gan-an, kò sí wáyà kankan níbẹ̀!

Mo tú ìdérí orí rẹ̀: ó ti gbẹ táútáú. Mo gbé písítìnì, mo jù ú sílẹ̀, ó dún kọ́, kò há. Mo da ọ́ìlì SAE 20 (nọ́ńbà yìí ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó) sí i títí ọ̀pá abẹ́ ìdérí fi ń rí ìdènà kí ìdérí tó kanlẹ̀. Ọkọ̀ gbéra wéré. Ẹ máa yẹ ọ́ìlì kábúrétọ̀ yìí wò nígbàkígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì.