Bẹ́ ẹ ṣe lè ka ọ̀rọ̀ ìrìbọmi nínú Májẹ̀mú Tuntun kó yé yín

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ìrìbọmi jẹ́ fáwọn Kristẹni àkọ́kọ́, ẹ má tíì ṣí Róòmù, lẹ́tà tí Pọ́ọ̀lù kọ, o. Ìṣe Àwọn Àpósítélì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé, ẹ mú bírò, ẹ ka orí 2, 8, 10, 16 àti 19, níbi tí wọ́n bá ti ri èèyàn bọmi ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: kí lẹni náà gbọ́ kó tó wọnú omi, ìgbà wo ni Ẹ̀mí Mímọ́ bà lé e, ṣé wọ́n ní kó dúró dìgbà kan ni àbí ojú ẹsẹ̀ ni.

Ti Ẹ̀mí Mímọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù, ibẹ̀ làríyànjiyàn pọ̀ sí. Ní 2:38 Pétérù ní kí wọ́n ronú pìwà dà, kí wọ́n ṣèrìbọmi, wọ́n á gba Ẹ̀mí. Ẹ dé orí 8, àwọn ará Samáríà ti ṣèrìbọmi tán kí Pétérù àti Jòhánù tó wá gbọ́wọ́ lé wọn tí wọ́n fi gba Ẹ̀mí. Nílé Kọ̀nílíù, ọ̀gá ọmọ ogun Róòmù, ní orí 10 ńkọ́? Pétérù ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Ẹ̀mí ti bà lé wọn, ó wá ní ta ló máa ní ká má fomi ri irú àwọn wọ̀nyí bọmi. Ẹni tó bá fi ẹsẹ kan ṣoṣo ṣòfin fún yín, ẹ ní kó ka èyí tó kù. Àmọ́ ẹ wò ó, kò síbi tí wọ́n ti sọ pé torí Ẹ̀mí ti dé omi ò wúlò mọ́, èmi ò sì rò pó yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré ìrìbọmi.

Ní ti bóyá wọ́n dúró dìgbà kan, ẹ wo ẹ̀ṣọ́ ẹ̀wọ̀n ìlú Fílípì ní orí 16, lóru yẹn gan-an ló wẹ ọgbẹ́ Pọ́ọ̀lù àti Sílà, wọ́n sì rì í bọmi pẹ̀lú ará ilé ẹ̀.

Ẹ wá lọ sí Róòmù 6:3-4 báyìí. Àwọn tó ti ṣèrìbọmi ni Pọ́ọ̀lù ń bá wí: àbí ẹ ò mọ̀ pé wọ́n ti sin yín pẹ̀lú Kristi ni, báwo lẹ ṣe máa tún wà nínú ẹ̀ṣẹ̀?

Tí ẹnì kan bá wá gbé 1 Kọ́ríńtì 1:17 kò yín lójú, pé Kristi ò rán Pọ́ọ̀lù láti máa ṣèrìbọmi, ẹ bẹ̀rẹ̀ látẹsẹ 10. Ìjà ló wà láàárín àwọn ará Kọ́ríńtì, kálukú ń sọ pé ti Pọ́ọ̀lù lòun, ti Àpólò lòun, ìdí nìyẹn tínú Pọ́ọ̀lù fi dùn pé àwọn tóun fọwọ́ ara òun rì bọmi níbẹ̀ ò pọ̀.