Bí Oníṣòwò Ọjà Òkèèrè ní Ìbàdàn Ṣe Lè Múra de Àtúnṣe Nọ́ńbà Ọjà ti Ọdún 2028

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2028 ni àtúnṣe tuntun yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí HS code, ìyẹn nọ́ńbà tí àwọn aṣọ́bodè káàkiri àgbáyé fi ń pín ọjà sí ìsọ̀rí. Nọ́ńbà yìí ló ń sọ iye owó ibodè tí a ó san, èyí tí ó wà ní ìpele márùn-ún láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS: 0, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹrù tó tó mílíọ̀nù 10 náírà bá kúrò ní ìpele 10 bọ́ sí 20, owó ibodè rẹ̀ yóò ti mílíọ̀nù kan di méjì, VAT tí wọ́n ń ṣírò lórí àpapọ̀ náà yóò sì tún fi 75,000 náírà lé e.

Inú ṣọ́ọ̀bù yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kó tó kan éjẹ́ǹtì tó ń bá yín gba ẹrù jáde. Ẹ kọ gbogbo ọjà yín sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí wọ́n fi ṣe é, iṣẹ́ tó ń ṣe, àti nọ́ńbà tí ẹ fi gbà á jáde kẹ́yìn. Ẹ má ṣe kọ “ẹ̀yà ọkọ̀” lásán. Ẹ mú páàdì bíréèkì kan, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Àrárọ̀mí ní Gate, kí ẹ yí i padà, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá ti lẹ ohun dúdú tó ń ha dísìkì mọ́ irin pẹlẹbẹ, abẹ́ 8708.30 ló wà. Bí ohun dúdú náà bá dá wà láìsí irin, abẹ́ 6813 ni. Ọjà kan náà ni lójú oníbàárà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjà kan náà lójú aṣọ́bodè.

Mo ti gba nọ́ńbà tí ẹni tí mo ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ fi ránṣẹ́ rí láì yẹ̀ ẹ́ wò, ẹrù mi sì jókòó sí èbúté ní Èkó títí owó ìdádúró kọ̀ǹténà fi jẹ èrè rẹ̀ tán. Nínú nọ́ńbà ọjà, díjíìtì mẹ́fà àkọ́kọ́ nìkan ni gbogbo ayé jọ ń lò. Mẹ́wàá ni ti ECOWAS, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ wá mẹ́rin tó kù nínú ìwé owó ibodè ti Nàìjíríà fúnra yín.

Ọ̀rọ̀ àkókò tún wà níbẹ̀. Báńkì ni a ti ń ṣí Fọ́ọ̀mù M, ìyẹn ìwé tí a fi ń sọ ọjà tí a fẹ́ kó wọlé, kí ẹrù tó wọ ọkọ̀ ojú omi, nọ́ńbà ọjà sì wà lórí rẹ̀. Ọgọ́sàn-án ọjọ́ ni ti ọjà lásán ń lò, nítorí náà ẹni tó bá ṣí i ní oṣù kẹwàá ọdún 2027 lè gba ẹrù rẹ̀ ní 2028, nígbà tí nọ́ńbà tó wà lórí fọ́ọ̀mù náà lè ti yí padà.

Fún ọjà tó bá ń rú yín lójú, ẹ kọ̀wé sí Iléeṣẹ́ Aṣọ́bodè Nàìjíríà kí wọ́n sọ ìsọ̀rí rẹ̀ fún yín lákọsílẹ̀ ṣáájú kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́. Ẹ so fọ́tò ọjà náà mọ́ lẹ́tà yín, níwájú àti lẹ́yìn.