Fọ́tò inú àpótí Bàbá: àṣìṣe tí àwa ọmọ máa ń ṣe

Ní Ọ̀fà tiwa níbí, ọjọ́ tí wọ́n bá ń palẹ̀ yàrá olóògbé mọ́ ni ọ̀pọ̀ àṣírí òbí máa ń jáde. Ẹ ó ká agbádá tán, ẹ ó wá kan fọ́tò kan nísàlẹ̀ àpótí: obìnrin tí ẹ kò rí rí, ó gbé ọmọ lọ́wọ́, wọ́n kọ “Tamale, 1966” sẹ́yìn rẹ̀. Ìlú kan ní Gánà ni Tamale.

Ẹ má ṣe gbé e lọ bá ìyá yín níwájú èrò. Èmi ṣe é. Ọjọ́ fídáù ọjọ́ kẹjọ ni, àwọn àlejò ṣì ń jẹ àmàlà lọ́wọ́. Mo ní, “Màmá, ta nìyí?” Wọ́n wo fọ́tò, wọ́n ní, “Dá a padà síbi tí o ti mú un.” Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọn ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Àṣé wọ́n ti mọ̀ kí wọ́n tó bí mi. Àwa ọmọ nìkan ni a kò mọ̀.

Àbúrò mi ti ń pe Bàbá ní aláìnáání ọmọ. Kò wo ọdún. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú, kó gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó kúrò nílùú. Àwọn ará Ọ̀fà, Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣòwò níbẹ̀ di ìwọ̀nba ẹrù tí apá wọn ká. Àwọn kan fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, àwọn kan fi àwìn sílẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà. Àwọn mìíràn fi ìyàwó sílẹ̀: ọmọ ibẹ̀ ni obìnrin náà, kò sẹ́ni tó lé òun.

Ẹ má sì dáná sun ìwé kankan. Bí Bàbá bá so yìgì pẹ̀lú obìnrin náà, ajogún ni ọmọ rẹ̀ nínú òfin Ìsìláàmù, bí ẹ̀yin náà ṣe jẹ́. Ẹ pín ilé láìsí tirẹ̀, ẹ ó tún un pín.

Bí àṣírí tí ẹ kàn bá jẹ́ ìwé àyẹ̀wò jẹnotáìpù ńkọ́, tí ti ọmọ kò bá ti òbí rẹ̀ mu? Lóòótọ́, AA àti AA kì í bí AS. Ṣùgbọ́n ilé àyẹ̀wò máa ń ṣì í. Ẹ tún un ṣe níbòmíràn kí ẹ tó lanu. Ẹ má sì gbé ohunkóhun sórí Wáásáàpù ẹbí, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ wá àgbà tó gbé Gánà rí, ẹ nìkan ni kí ẹ lọ, ẹ gbé búrẹ́dì dání. Ẹ má fi fọ́tò bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń tà, iye tí wọ́n ń tà á. Ọ̀rọ̀ ọjà ló máa ń fa ìyókù jáde. Bí mo ṣe ṣe é fún àbúrò Bàbá mi obìnrin nìyẹn. Nígbà tó yá, àwọn fúnra wọn ló na ọwọ́ pé kí n mú fọ́tò wá. Wọ́n fi ètí ìró nu ojú rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n yín ni,” ni wọ́n wí. “Èmi ni mo pọ̀n ọ́n.”