Àwọn àṣìṣe tí a máa ń ṣe tí a bá fẹ́ ra íápíìsì aláìníwáyà

Lọ́jà fóònù, "AirPod" ni gbogbo wa ń pe íápíìsì tí kò bá ti ní wáyà. Ìbáà jẹ́ Samsung, ìbáà jẹ́ Oraimo, ìbáà jẹ́ èyí tí kò lórúkọ kankan lára, AirPod ni. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó bá fi orúkọ kan pe gbogbo wọn yóò rò pé ìwà kan náà ni wọ́n ń hù. Ìbéèrè tí oníbàárà máa ń bi ọlọ́jà ò ju ẹyọ kan lọ: "Ṣé ó máa bá fóònù mi ṣiṣẹ́?" Ọlọ́jà á ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì purọ́. Orin á dún, ìpè á wọlé. Àmọ́ owó orin nìkan kọ́ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín. Owó gbogbo nǹkan tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ wà níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé fóònù ilé iṣẹ́ tó ṣe íápíìsì náà nìkan ni wọ́n ń dá lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká mú AirPods gidi, ti Apple, tó kọ́kọ́ jáde ní 2016. Ó ń bá Tecno àti Infinix ṣiṣẹ́. Èyí tó bá ní bọ́tìnnì lẹ́yìn kéèsì, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀ títí iná funfun á fi máa ṣẹ́jú, kí ẹ wá orúkọ rẹ̀ lórí fóònù. Ó ti so nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá yọ ọ̀kan létí, orin ò ní dúró fúnra rẹ̀ bó ṣe máa ń dúró lórí iPhone. Ohùn tó máa ń tẹ̀ lé orí yín bí ẹ bá ṣe ń yíjú, ẹ ò ní bá a níbẹ̀. Irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní AirPods Pro á ṣì máa pa ariwo jẹnẹrétọ̀ mọ́lẹ̀ fún yín tí ẹ bá fún igi rẹ̀ tó yọ sísàlẹ̀ mọ́wọ́ díẹ̀, ìyẹn dáa. Èyí tó dùn mí jù ni ti àtúnṣe: fóònù Android ò lè gbé sọ́fítíwia tuntun sínú AirPods. Àléébù tí Apple ti tún ṣe fún ẹlòmíì á wà lára tiyín títí ẹ ó fi rí ẹni tó ní iPhone, iPad tàbí Mac.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní London àti Houston, ẹ̀yin ni mo ń bá wí níbí yìí. Láti ọdún 2024, AirPods Pro 2 lè ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn fún àgbàlagbà tí etí rẹ̀ ti ń di díẹ̀díẹ̀. Nǹkan ńlá ni fún àwọn òbí wa tó ń ní "Kí lo wí?" lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó gbọ́ gbólóhùn kan. Àmọ́ iPhone tàbí iPad ni wọ́n fi ń yẹ etí wò, òun náà ni wọ́n fi ń ṣètò rẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ni wọ́n ti lè lò ó. Ẹ béèrè irú fóònù tó wà lọ́wọ́ Bàbá kí ẹ tó kó o sínú báàgì ẹni tó ń bọ̀ nílé.

Apple nìkan kọ́ ló ń ṣe báyìí. Galaxy Buds2 Pro ti Samsung, ti ọdún 2022, ní ohùn bíìtì 24 tó ń dún ketekete, ṣùgbọ́n fóònù Samsung ni ẹ ó fi gbọ́ ọ. Tí ẹ bá so ó mọ́ iPhone, kò sí áàpù tí ẹ lè fi tò ó rárá. Bákan náà ni LDAC ti Sony. Kódẹ́ẹ̀kì ni wọ́n ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí fóònù fi ń ká orin pọ̀ kó tó fi í ránṣẹ́, tí íápíìsì sì fi ń tú u. Ẹni tó ká a àti ẹni tó ń tú u gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà kan náà. LDAC ti wà nínú Android láti 2017, iPhone kankan ò ní in. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo iPhone, ẹ má fi kọ́bọ̀ kan lé owó nítorí pé wọ́n kọ LDAC sára páálí.

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ìgbìmọ̀ European Commission pàṣẹ fún Apple pé kó jẹ́ kí íápíìsì ilé iṣẹ́ mìíràn máa so mọ́ iPhone wẹ́rẹ́ bíi tirẹ̀. Ilẹ̀ Yúróòpù ni òfin náà dé, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ẹni tó ra fóònù ti sanwó rẹ̀ tán.

Àṣìṣe tó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an, orí kọ̀ǹpútà ló ti bá mi. Orin ń dún dáadáa létí mi. Ìpàdé bẹ̀rẹ̀, mo ṣí máìkì, gbogbo ohùn sì yí padà lójijì, àfi bí ẹni pé inú ìkòkò làwọn èèyàn ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n kan níbẹ̀ ní, "Àbúrò, ohùn tìẹ náà ò já gaara o." Mo tú u, mo tún un so, mo bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó ku díẹ̀ kí n dá ọjà padà. Íápíìsì ò ṣe nǹkan kan. Ọ̀nà gbòòrò ni Bluetooth fi ń gbé orin wá, ṣùgbọ́n bí máìkì rẹ̀ bá ti ṣí, ọ̀nà tóóró tí wọ́n là fún ìpè ló máa gbà. Ẹ lọ sí ètò ohùn lórí kọ̀ǹpútà, ẹ mú máìkì kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ sísọ, kí ẹ fi íápíìsì sílẹ̀ fún gbígbọ́ nìkan. Ohùn á padà sí bó ṣe wà.

Ẹ̀yin tó fẹ́ràn géèmù: ẹ̀rọ géèmù PS5 àti Xbox kì í gba íápíìsì Bluetooth. Nintendo Switch ti ń gbà á láti 2021, àmọ́ máìkì rẹ̀ ò ní ṣiṣẹ́.

Ó ku ti tòkunbọ̀. Ẹni tó ń tà á á ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, ó gbé àwòrán jáde lójú iPhone, ojúlówó ni!" Àwòrán yẹn kì í ṣe ẹ̀rí, ayédèrú náà ń gbé e jáde. Bẹ́ẹ̀ sì ni tí ẹ̀yà kan bá sọnù, ẹ má kàn ra ẹyọ kan tó jọ ọ́. Àwọn nọ́ńbà wẹ́wẹ́ kan wà lábẹ́ ẹyọ AirPods kọ̀ọ̀kan, A ló bẹ̀rẹ̀ wọn. Ẹ gbé e sún mọ́ iná kí ẹ kà á, torí tọ̀tún àti tòsì tí kì í bá ṣe ìran kan náà ò ní bára wọn ṣe, iná kéèsì á kàn máa ṣẹ́jú. Àwọn tuntun tiẹ̀ ń so mọ́ àkáǹtì ẹni tó kọ́kọ́ ni wọ́n, ó sì lè máa rí ibi tí ẹ bá gbé e lọ. Kí ẹni tó fẹ́ tà á fún yín yọ ọ́ kúrò lórí àkáǹtì rẹ̀ níṣojú yín, kí ẹ tó ka owó sí i lọ́wọ́.