Abo ni kí ẹ wá: bí mo ṣe dọdẹ akọ àgbọ̀nrín elétí-ìbaaka ní Colorado ní àsìkò ìgùn

Ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, láti Montana títí dé Arizona, àgbọ̀nrín kan wà tí etí rẹ̀ tóbi bí ti ìbaaka, tí ìdí rẹ̀ funfun, tí ṣóńṣó ìrù rẹ̀ sì dúdú. Mule deer ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Èmi á máa pè é ní elétí-ìbaaka. Ìwo akọ rẹ̀ máa ń là sí méjì, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á sì tún là sí méjì. Láàárín ọdún, àgbà akọ kì í fara hàn: òru ló ń jẹun, bí ilẹ̀ bá sì ti ń mọ́ ló ti wọ abẹ́ igi. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí àárín Nòfẹ́ńbà sí ìbẹ̀rẹ̀ Dìsẹ́ńbà, abo ń wá akọ, akọ ń wá abo, ẹran tí ojú kì í rí á wá máa rìn kiri lọ́sàn-án gangan. Àsìkò yẹn, àsìkò ìgùn, ni mo fi dọdẹ rẹ̀ ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Colorado. Bí mo ṣe ṣe é nìyí.

Ìwé àṣẹ ló kọ́kọ́ le. Láti 1999 ni Colorado ti fi gbogbo láísẹ́ǹsì àgbọ̀nrín sínú ìbò bíi ti lọ́tìrì: ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde ló ń rí i gbà. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ni wọ́n ń ti ìforúkọsílẹ̀ pa. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá jáde á gba póìǹtì tí yóò tì í lẹ́yìn lọ́dún mìíràn. Ìkẹrin nínú àwọn sáà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún fífi ìbọn dọdẹ, ọjọ́ márùn-ún péré láti Ọjọ́rú dé Ọjọ́ Àìkú, ló bọ́ sínú àsìkò ìgùn, ìdí nìyẹn tí láísẹ́ǹsì rẹ̀ fi ṣọ̀wọ́n ju ti àwọn sáà tó ṣáájú lọ. Póìǹtì tí mo ti tọ́jú ni mo lò fún un, mo sì yan àgbègbè tí ilẹ̀ ìjọba pọ̀ sí, nítorí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọ ilẹ̀ onílẹ̀ láìgbàṣẹ. Ẹnikẹ́ni tí a bí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1949 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ ọdẹ. Aṣọ aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn, tàbí pinki, kò gbọdọ̀ dín ní ínṣì onígun mẹ́rin 500 láti ìbàdí sókè, fìlà náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọ̀ kan náà. Ẹran kì í rí àwọ̀ yẹn bí èèyàn ṣe ń rí i, ẹ má bẹ̀rù.

Àwa tí a mọ ìgbẹ́ ilé, ẹ gbàgbé iná orí. Fífi iná dẹ̀gbẹ́ lóru, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni lọ́hùn-ún: ìbọn gbọ́dọ̀ dákẹ́ títí di ìdajì wákàtí ṣáájú kí oòrùn tó yọ, kò sì gbọdọ̀ dún mọ́ bí oòrùn bá ti wọ̀ tó ìdajì wákàtí. Títa ẹran ìgbẹ́ náà tún jẹ́ èèwọ̀. Ẹ jẹ ẹ́ nílé, tàbí kí ẹ fi tọrẹ.

Ìbọn .270 Winchester ni mo lò, ọta rẹ̀ wọn 130 grain, ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ọta. (Òfin kò gba ìbọn tí ẹnu rẹ̀ kéré sí mílímítà 6 fún àgbọ̀nrín, tàbí ọta tí kò tó 70 grain.) Mo tún awò orí ìbọn ṣe kí ọta lè máa bá ojú àmì gan-an ní yáàdì 200. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọta á ti rẹlẹ̀ tó ínṣì 6 sí 7 ní yáàdì 300, á sì ti lé ní 18 ní yáàdì 400. Mo kọ ọ́ sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ìbọn. Yáàdì 300 ni mo fi ṣe ààlà ara mi, nítorí afẹ́fẹ́ orí òkè lè gbá ọta kúrò lójú ọ̀nà. Síbẹ̀, ìbọn kọ́ ni olórí ẹrù. Awò-awọ̀nàjíjìn ni. Mo gbé 10x42, tó ń mú nǹkan sún mọ́ ní ìlọ́po mẹ́wàá, kọ́rùn, mo sì gbé 15x56, tó ń mú un sún mọ́ ní ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ka orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Láìsí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ojú ò sì ní rí etí kan ṣoṣo tó mì nínú igbó.

Ibo ni kí a wò? Bí yìnyín bá ti jìn lórí òkè, àwọn ẹran á sọ̀kalẹ̀ wá sí ibi tí wọ́n ti ń lo ìgbà òtútù, ilẹ̀ tí igbó sagebrush àti bitterbrush wà, tí igi juniper àti pinyon sì wà nítòsí tí wọ́n lè sá sí. Níbi tí mo lọ, ìyẹn wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 6,000 sí 7,500 ní gíga. Ẹ̀gbẹ́ òkè tó kọjú sí gúúsù ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí oòrùn máa ń yọ́ yìnyín níbẹ̀, oúnjẹ á sì hàn.

Abo ni kí ẹ wá, ẹ má wá akọ. Elétí-ìbaaka kì í kó abo jọ sábẹ́ ara rẹ̀ bí elk, irú àgbọ̀nrín ńlá kan, ṣe ń ṣe. Ọ̀dọ̀ agbo kan ni yóò ti lọ sí òmíràn, yóò gbóòórùn ìtọ̀ abo, yóò ká ètè òkè sókè láti fi mọ̀ bóyá àkókò rẹ̀ tó. Bí kò bá tíì tó, ó kọjá lọ. Bí ó bá tó, yóò tẹ̀ lé abo yẹn bí òjìji, ọrùn nílẹ̀, imú níwájú. Àkókò tí abo fi ń gbà fún akọ kò ju bí ọjọ́ kan tàbí ọjọ́ kan àtààbọ̀ lọ, akọ á sì tún bọ́ sọ́nà. Nítorí náà, agbo abo tí kò lákọ ní àárọ̀ yìí lè ní in kó tó di ọ̀sán.

Mo máa ń ti jókòó síbi ìṣọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, pẹ̀lú oòrùn tí yóò yọ lẹ́yìn mi. Mo pín ẹ̀gbẹ́ òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán sí ìlà-ìlà, mo ń wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, mi ò sì ń wá odindi ẹran: etí, ìdí funfun, tàbí ìlà ẹ̀yìn tó dùbúlẹ̀ níbi tí gbogbo igi dúró ṣánṣán ni mò ń wá. Gbogbo agbo abo tí mo rí ni mo fi àmì sí lórí máàpù fóònù, mo sì ń padà wò wọ́n léraléra. Láti aago mẹ́wàá sí aago méjì ọ̀sán, tí ọ̀pọ̀ ọdẹ ti padà sí àgọ́ lọ yáná, èmi ò kúrò. Wákàtí yẹn gan-an ni àgbà akọ ń rìn láti agbo kan sí òmíràn.

Àwọn àmì kan wà tó ju ìwo lọ. Bí akọ kékeré tó wà lẹ́bàá abo bá ṣàdédé gbójú sókè, tó yọ́ kúrò, àgbà ń bọ̀. Bí abo kan ṣoṣo bá dá wà nínú igbó juniper tó dí, tí kò jẹun, tó ń wẹ̀yìn, ẹ má gbójú kúrò níbẹ̀: akọ ńlá sábà máa ń lé abo tí àkókò rẹ̀ tó kúrò láàárín agbo lọ síbi kọ́lọ́fín. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù ni kéèyàn rí akọ tó ń kọjá, kó sì sáré tẹ̀ lé e. Ìrìn rẹ̀ yá ju ti èèyàn lọ. Ẹ mú ọ̀nà tó dojú kọ, ẹ wo agbo abo tó kàn níbẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ ṣọ́. Fífi ìwo lu ìwo tàbí fífun fèrè kì í fi bẹ́ẹ̀ fa elétí-ìbaaka, mi ò fi àkókò ṣòfò lé e.

Àgbà akọ ni mo fẹ́, nítorí náà mo wo ara kí n tó wo ìwo. Ọrùn rẹ̀ á ti wú débi tí kò fi hàn níbi tó ti pàdé àyà, ikùn á sọ̀ díẹ̀, irun inú oríkèé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á ti dúdú fún ìtọ̀ tó ń tọ̀ sí i. Bí ó bá na etí méjèèjì, láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó tó bí ínṣì 20. Ìwo tó bá yọ kọjá etí lápá méjèèjì, ó tó wò.

Láti sún mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ ni ọ̀gá. Ní òwúrọ̀, afẹ́fẹ́ tútù máa ń ṣàn láti orí òkè wá sílẹ̀; bí oòrùn bá ti gbóná ilẹ̀ tán, yóò yí padà, yóò máa gòkè. Àárín méjèèjì ló burú, torí yóò máa pòyì. Mo dúró títí ó fi dúró sójú kan, mo ń tẹ àtíkè láti inú ìgò rọ́bà kékeré kí n lè rí ibi tó ń lọ, lẹ́yìn náà ni mo gba ẹ̀yìn òkè yí wá sókè wọn. Ojú akọ kọ́ ló ń túni fó nígbà yìí, ojú àwọn abo ni. Ọkàn akọ ti kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó ń darí agbo ò sùn. Bí ó bá tẹjú mọ́ yín, ẹ dúró gbagidi kódà bí ẹsẹ̀ kan bá wà lókè, títí yóò fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Bí wọ́n bá sì fò sókè lọ, ẹ má dìde. Elétí-ìbaaka sábà máa ń dúró lórí òkè kí ó tó bọ́ sódì kejì, kó wẹ̀yìn wò.

Ní ti yíyìn, mo gbé ìbọn lé orí àpò ẹrù, mo dùbúlẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń wọn jíjìn gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó ń ṣírò gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: yáàdì 300 ní ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́ ní dígíríì 30, bí 260 ló jẹ́ lójú ọta. Ẹ̀yìn èjìká, ní ìdá kan nínú mẹ́ta ara láti ìsàlẹ̀ sókè, ni mo fojú sùn, níbi tí ọta á ti gba ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì. Ẹ wo ẹ̀yìn akọ kí ẹ tó yìnbọn. Ní àsìkò ìgùn, abo lè dúró lódì kejì rẹ̀, ọta á sì gba ara akọ kọjá lọ bá a. Mo dúró títí wọ́n fi yà.

Lẹ́yìn ìbọn, mo fi àpáta kan sàmì ibi tó dúró, mo sì jókòó fún ìdajì wákàtí. Ẹ̀jẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń hó, ẹ̀dọ̀fóró ni. Èyí tó dúdú, ẹ̀dọ̀ ni. Bí ó bá dà bí ewéko tó sì ń rùn, ìfun ni ọta bà, ẹ fún un ní wákàtí mẹ́fà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò dìde, yóò sì rìn jìnnà.

Mo fọwọ́ sí káàdì láísẹ́ǹsì, mo kọ ọjọ́ sí i, mo so ó mọ́ ẹran kí n tó yọ ọ̀bẹ. Mi ò la ikùn. Mo bó awọ ẹ̀gbẹ́ kan láti ọ̀pá ẹ̀yìn wá sílẹ̀, mo yọ apá (kò sí oríkèé tó so ó mọ́ ara, ẹran nìkan ni), mo yọ itan níbi oríkèé ìbàdí, mo bó ẹran gígùn ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn àti ti ọrùn, mo wá yí òkú padà ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹran rírọ̀ tó wà nínú ìbàdí, ẹ̀yìn egungun ìhà ìkẹyìn ni kí ẹ ti kọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹpọ̀n kan gbọ́dọ̀ ṣì so mọ́ itan, bí orí kò bá sí lára ẹran, kí òṣìṣẹ́ ìjọba lè mọ̀ pé akọ ni. Ọwọ́ tó bá kan irun dúdú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ kan ẹran mọ́ láìwẹ̀. Òórùn rẹ̀ ló máa ń mú kí wọ́n sọ pé ẹran àsìkò ìgùn ń rùn.

Ẹ tètè bó awọ, nítorí irun ìgbà òtútù nípọn, ooru tó há sí ẹ̀bá egungun itan lè mú kí ẹran bàjẹ́ kódà nínú yìnyín. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó dì gbagidi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó má baà le. Inú àpò aṣọ ni mo kó o sí, mo gbé e kọ́ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lábẹ́ igi.

Orí rẹ̀ ni mo gbé lọ fún àyẹ̀wò CWD, àrùn ọpọlọ tó ń mú àgbọ̀nrín rù títí yóò fi kú. Ìlú Fort Collins ní Colorado gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀, ní 1967. Iná kì í pa á, CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, sì ní kí a má jẹ ẹran tí àyẹ̀wò bá rí i lára rẹ̀, nítorí náà mo kọ orúkọ ẹran sára gbogbo àpò ọ̀rá tí mo kó o sí, mi ò sì sè é títí èsì fi dé.

Akọ tó ti ń sáré kiri fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kì í ní ọ̀rá mọ́. Ẹran ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹ fi òróró díẹ̀ dín in kíá, kí inú rẹ̀ ṣì pupa díẹ̀. Ẹran ọrùn ló le jù, òun náà ló sì dùn jù nínú ọbẹ̀ ata: wákàtí mẹ́ta lórí iná kékeré, kí ẹ tó da ata lé e.