Bí Òbí Tó Ń Kọ́ Ọmọ Nílé Ṣe Ń Gba Ẹ̀dínwó Olùkọ́ ní Ìkòròdú

Ẹ̀dínwó olùkọ́, ìyẹn owó tí wọ́n ń dín kù lórí ìwé àti ohun èlò ẹ̀kọ́ fún olùkọ́ àti ilé ìwé, wà ní Ìkòròdú, àmọ́ kò sí ẹni tó máa kọ ọ́ sára ògiri fún yín. Àwọn ilé ìtàwé ní Sábó ń ṣe é fún onílé ìwé. Àwọn aṣojú ilé ìtẹ̀wé ń ṣe é. Àwọn tó ń ta ìwé ìkọ̀wé ní páálí-páálí náà ń ṣe é. Òbí tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé lè rí i gbà, bí kò bá ti lọ dúró síwájú káńtà bí ẹni tó wá ra ẹyọ ìwé kan, tó tún ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bá òun ṣe é. Ohun tí ọlọ́jà ń rò lọ́kàn ni pé: ṣé èèyàn yìí máa rà tó, ṣé ó máa padà wá, ṣé òótọ́ ló sì ń sọ nípa ara rẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ to àwọn ìwé tí ẹ fẹ́ rà sílẹ̀

Èyí kò le. Ẹ kọ orúkọ ìwé, ẹni tó kọ ọ́, ilé ìtẹ̀wé, kíláàsì àti iye ẹ̀dà tí ẹ fẹ́. Ilé ìtẹ̀wé ni kí ẹ fi pín in, ẹ má fi orúkọ ọmọ pín in, nítorí aṣojú Learn Africa kò lè bá yín dín owó ìwé University Press. Learn Africa àti Literamed wà ní Ìkẹjà. University Press, HEBN àti Evans, Ìbàdàn ni orílé-iṣẹ́ wọn, àmọ́ àwọn aṣojú wọn máa ń wọ ìgboro Èkó.

Inú ìwé ìkọ̀wé ni mo máa ń kọ tèmi sí, bíró pupa fún èyí tó jẹ́ dandan, búlúù fún èyí tó lè dúró. Ẹ má kọ ọ́ sórí fóònù. Ojú káńtà gan-an ni bátìrì ti máa ń kú.

Ẹ yẹra fún ìwé tó jẹ́ pé inú rẹ̀ lọ́mọ máa kọ ìdáhùn sí, àfi tí kò bá sí òmíràn. Ẹ̀gbọ́n á kọ ọ́ tán, àbúrò ò ní lè lò ó, ẹ̀dínwó yòówù tí ẹ gbà lórí rẹ̀ ti wọmi nìyẹn. Ẹ wo ọdún tí wọ́n tẹ ìwé náà pẹ̀lú, torí NERDC, àjọ ìjọba tó ń ṣètò ohun tí ilé ìwé ń kọ́ ọmọ, máa ń tún ìlànà ẹ̀kọ́ ṣe, àwọn kan sì máa ń fẹ́ fi ìwé àtijọ́ tó ti wà lórí pẹpẹ tipẹ́ ṣe yín lóore.

Lẹ́tà tí ẹ máa fi béèrè ẹ̀dínwó: ibí ni wọ́n ti ń ba iṣẹ́ jẹ́

Mo wà nílé ìtàwé kan nígbà tí ìyá kan yọ káàdì olùkọ́ jáde nínú báàgì. Ike tí wọ́n fi bo káàdì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lára ẹ̀rọ ni, etí rẹ̀ kò tíì dúró dáadáa. Fọ́tò òde ìgbéyàwó ló wà lórí rẹ̀, gèlè gbà gbogbo ojú àwòrán, wọ́n wá kọ "Olùkọ́ Àgbà" sábẹ́ ẹ̀. Bàbá tó ń tàwé yí káàdì náà síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ìyá wa, ibo nilé ìwé yín yìí wà?"

"Ìgbógbó ni, sà."

"Ìgbógbó apá ibo? Èmi ni mò ń kówèé fún ọ̀pọ̀ ilé ìwé tó wà níbẹ̀."

Ìyá náà gba káàdì rẹ̀, ó san owó tó wà lára ìwé ní pípé, ó lọ. Ìgbà tó lọ tán ni bàbá yẹn ní, "Ká ní ó sọ pé òun lòun ń kọ́ ọmọ òun nílé ni, ṣé mi ò ní dín in fún un ni?"

Nítorí náà, ẹ má ṣe káàdì. Lẹ́tà ojú ewé kan ti tó. Ẹ kọ orúkọ yín, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù sókè. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ́ ní gbangba pé ẹ̀yin òbí ni ẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ yín nílé, ẹ dárúkọ kíláàsì tí wọ́n wà, kí ẹ wá béèrè fún iye tí wọ́n ń ta ìwé fún ilé ìwé. Ẹ so ìwé tí ẹ fẹ́ rà mọ́ ọn, ẹ fi déètì sí i, ẹ buwọ́ lù ú. Kò sí ìdí tí orúkọ ọmọ fi gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ fi kọ ọ́, torí aṣojú lè ní láti gbé e dé ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó wà níbẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ "Nursery and Primary School" sórí bébà yín. Mo ti rí i lọ́wọ́ ju ẹnì kan lọ, wọ́n á tún ya àwòrán ìwé àti ògùṣọ̀ sí i lórí. Ẹni tó bá fẹ́ dá ilé ìwé sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́. Bébà tó ń pe pálọ̀ yín ní ilé ìwé lè pe ẹni tí ẹ ò ránṣẹ́ sí wá sẹ́nu ọ̀nà yín. Orúkọ ìdílé yín ni kí ẹ lò: "Ètò Ẹ̀kọ́ Ilé ti Ìdílé Báyìí-báyìí". Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má yá òǹtẹ̀ ilé ìwé ẹlòmíì náà. Ẹ̀gbọ́n yín tó ní ilé ìwé ní Odògunyàn lè fẹ́ ṣe yín lóore, kó ní kẹ́ ẹ wá tẹ tòun. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n máa kọ ọjà yín sí. Lọ́jọ́ tí owó bá kù nílẹ̀ tàbí tí ìwé bá lábùkù, òun ni wọ́n máa pè, ẹ̀yin lẹ sì máa dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí nítorí páálí ìwé.

Ẹni tó bá ní NCE, dìgírì nínú ẹ̀kọ́ tàbí PGDE, tó sì ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, ìgbìmọ̀ tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́, kó fi fótókọ́pì láísẹ́ǹsì rẹ̀ ti lẹ́tà náà. Olùkọ́ gidi nìyẹn, kó má tijú. Ẹni tí kò bá ní in, kó má torí ẹ̀dínwó ìwé lọ máa wá a. Ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lè wúlò bí ẹ bá di ẹgbẹ́ tó ń rajà pọ̀ ní gbogbo ọdún, àmọ́ kò sọ yín di ilé ìwé, kí ẹ má jẹ́ kí ẹlẹ́nu dídùn kan tan yín pé ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti títẹ̀, ẹ má lọ sí Ṣómólú lọ tẹ ẹ̀dà rẹpẹtẹ tí ẹ ò ní lò tán. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà àdúgbò yín máa tẹ díẹ̀ fún yín. Bébà 80 gíráàmù ni kí wọ́n lò. Èyí tó fúyẹ́ jù á ti wó kó tó kúrò nínú àpò.

Ìgbà tí ẹ máa lọ àti ohun tí ẹ máa sọ

Oṣù September ni ilé ìwé ń bẹ̀rẹ̀ sáà tuntun. Táàmù kẹta, láàárín May sí July, ni àwọn aṣojú ń káàkiri kí ilé ìwé lè mú ìwé wọn. Àsìkò yẹn ni kí ẹ lọ. Ní ìparí August, èrò á ti kún ilé ìtàwé, kò sẹ́ni tó máa ráyè ka lẹ́tà yín. Àárọ̀ Tuesday tàbí Wednesday ni kí ẹ yàn. Saturday kì í ṣe ọjọ́ ọ̀rọ̀.

Bí ẹ ò bá mọ aṣojú kankan, ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ ilé ìwé tó wà nítòsí yín tàbí lọ́wọ́ òǹtàwé tí ẹ máa ń rà lọ́dọ̀ rẹ̀. Aṣojú lè fún yín ní ẹ̀dà àyẹ̀wò lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ fi wo ìwé náà kí ẹ tó rà á. Ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́, ẹ má tà á.

Ọ̀rọ̀ kọmíṣọ̀n ló wá kù. Àwọn aṣojú kan máa ń ta ìwé ní owó pípé, kí wọ́n tó wá fún onílé ìwé ní nǹkan padà lẹ́yìn. Ilé ìwé gba bẹ́ẹ̀ torí pé òbí ló sanwó. Ní tiyín, ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ́ ọmọ, ẹ̀yin náà lẹ tún jẹ́ òbí tó ń sanwó. Ẹ ní kó yọ ọ́ kúrò nínú iye ìwé lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìwé 10 ni ẹ rà, ₦4,000 lọ̀kan. ₦40,000 nìyẹn. Bí ó bá yọ ₦15 lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan, ₦6,000 lọ, ẹ san ₦34,000. ₦34,000 yẹn náà ló gbọ́dọ̀ wà lórí rísíìtì. Bí ó bá ní "ẹ fọkàn balẹ̀, mo máa fi ránṣẹ́ tó bá di òpin táàmù", ẹ kí i, ẹ gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ. Àkáǹtì ilé iṣẹ́ ni kí ẹ sanwó sí. Bó ti wù kí ojú rẹ̀ fani mọ́ra tó, ẹ má san án sí àkáǹtì tirẹ̀.

Ìwé tuntun tí wọ́n bá fẹ́ já sí ìdajì owó lẹ́bàá títì, ẹ ṣí i kí ẹ tó yọ̀. Àwòrán tó ṣú, ojú ewé tó sáré fò, lẹ́tà tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́: ayédèrú ni. Ìwé àlòkù tó jẹ́ ojúlówó sàn jù ú lọ fíìfíì.

Ẹ kó ara yín jọ

Ìdílé mẹ́rin tàbí márùn-ún lórí WhatsApp lè gba ohun tí ẹnì kan ò lè gbà. Ìwé ìkọ̀wé, bíró àti kíréyọ̀n ni èyí ti ń hàn jù, torí páálí tàbí dọ́sìnnì ni wọ́n fi ń tà á. Ẹnì kan ni kó máa ra ọjà, ẹlòmíì ni kó máa gbowó. Kí gbogbo ilé san kí ẹ tó kúrò nílé; ẹni tó ní òun á san tí ọjà bá dé ló ń tú ẹgbẹ́ ká.

Wọ́n á ní Ìdúmọ̀tà ló dáa jù. Ọjà pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ sì lè wọ BRT tàbí ọkọ̀ ojú omi láti Ìpakodò. Àmọ́ ẹ ṣírò owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀, owó aláàárù, àti ọkọ̀ tó máa gbé páálí padà sí Ìkòròdú. Bí ẹ ò bá tó ìdílé mẹ́ta, ẹ rà á ní Sábó. Pátákó ìkọ̀wé kò sí lára ohun tí èèyàn ń rà: ẹ ra púláìwúùdù lọ́dọ̀ káfíńtà, kí ẹ fi ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń kun pátákó kùn ún lẹ́ẹ̀mejì.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì

Mi ò ní pẹ́ níbí. Khan Academy, ìkànnì tí wọ́n ti ń kọ́ni ní oríṣiríṣi ẹ̀kọ́, ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ayé, ẹ ò nílò ẹ̀dínwó kankan. Canva, tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán àti bébà ẹ̀kọ́, ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́ fún àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama, àmọ́ wọ́n máa béèrè ẹ̀rí pé olùkọ́ ni yín. Láísẹ́ǹsì TRCN ni mo máa kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, Apple ka òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé mọ́ àwọn tó lè ra ọjà ní owó olùkọ́, HSLDA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ ọmọ nílé níbẹ̀, sì ń ṣe káàdì olùkọ́ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Tiwọn nìyẹn. Kí ẹ má ní kí àbúrò yín tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Texas lọ sọ fún wọn pé olùkọ́ lòun. Àwọn tó ń ta káàdì olùkọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni tó bá lówó, ẹ fò wọ́n.

Tí ẹ bá ti rajà tán, ẹ fi rísíìtì àti ẹ̀dà lẹ́tà sínú àpò ìwé kan náà, ẹ kọ nọ́ńbà aṣojú sára rẹ̀. Nínú May ọdún tó ń bọ̀, ẹ kàn sí i kó tó gbàgbé yín. Déètì àti kíláàsì àwọn ọmọ nìkan lẹ máa yí padà nínú lẹ́tà yẹn.